Ọjọ́ márùn-ún ní Kétu: ẹ̀kọ́ fún ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ́ gba gbogbo ọmọ wọlé

Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, ní ìlú Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní directeur, àti àwọn olùkọ́ wọn ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tí wọ́n ní àwọn yóò kọ́ni ni bí ilé ìwé ṣe lè gba ọmọ tí kò ríran dáadáa, ọmọ tí kò gbọ́ràn, ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn, ọmọ oníwárápá àti ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, kí gbogbo wọn sì máa kàwé láàárín ẹgbẹ́ wọn. Aago 8 àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, aago 4 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tú ká. 40,000 sẹ́fà ni ẹnì kan ń san; bí ilé ìwé kan bá mú ẹni méjì wá, 70,000 ni. Ìwé àti oúnjẹ ọ̀sán wà nínú owó náà. Ibùsùn kò sí níbẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ń bọ̀ láti Pobè tàbí Ṣàbẹ́ ti wá ibi tí yóò sùn sí kó tó gbéra.

Ìdájọ́ wa kò lọ́jú pọ̀. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta nìkan tó owó náà láti san. Ọjọ́ kẹrin kò tó nǹkan tí a lè mú lọ sílé. Àbẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ilé ìwé lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n ti kùnà jù.

Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a fi wọn ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ ọ̀gá yàtọ̀ sí iṣẹ́ olùkọ́. Olùkọ́ ló ń jókòó ti ọmọ tí kò gbọ́ràn láti kọ́ ọ ní lẹ́tà. Ọ̀gá ló ń pinnu kíláàsì tí ọmọ náà yóò wà, ẹni tí yóò kọ́ ọ, wákàtí tí olùkọ́ yóò fi ráyè fún un, owó tí wọn yóò fi tún ẹnu ọ̀nà ṣe, àti ohun tí wọn yóò sọ fún òbí tó bá wá bínú pé ọmọ oníwárápá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí ṣùgbọ́n tí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n yóò máa dá ẹrù náà gbé. Tí wọ́n bá wá gbé e lọ sí ilé ìwé mìíràn ní oṣù Kẹsàn-án, ọmọ náà á padà sílé. Nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo la bi ẹ̀kọ́ yìí: ẹni tó bá jáde níbẹ̀, ṣé yóò lè darí ilé ìwé tó gba gbogbo ọmọ, àbí ó kàn ti gbọ́ nípa rẹ̀ ni?

Ọjọ́ kìíní lọ sórí òfin. Wọ́n ka òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ka abala 24 nínú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí àìpé ara lé ọmọ kúrò ní ilé ìwé. Wọ́n tún mẹ́nu ba ìpàdé Salamanca, ní Sípéènì, ní 1994, tó dá lórí ilé ìwé tó gba gbogbo ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká mọ̀, àmọ́ wákàtí kan tó fún un. Wọ́n fi gbogbo òwúrọ̀ kà á láti ara ògiri, ojú àwọn ènìyàn sì ti ń pa dé kí aago 11 tó lù.

Ohun kan tó wúlò ní ọjọ́ náà ni bí wọ́n ṣe ya ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀. Bí ilé ìwé bá sọ pé kí wọ́n mú ọmọ padà sílé, ó lé e ni. Bí wọ́n bá kọ́ ilé ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n yà á sọ́tọ̀ ni. Bí wọ́n bá gbà á wọlé tí wọ́n fi í sẹ́yìn kíláàsì, tí ẹnikẹ́ni kò yí nǹkan kan padà nítorí rẹ̀, wọ́n kàn fún un ní àga ni. Ìgbà tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ bá yí padà kí ọmọ náà lè kọ́ nǹkan ni ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí a ń lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé tó ń sọ pé àwọn ti ṣe é, orí ìkẹta yẹn ni wọ́n ṣì wà.

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an: bí a ṣe ń mọ ọmọ tí ìpèníjà wà lára rẹ̀ láìdúró de dókítà. Wọ́n lo ìbéèrè 24 tí Washington Group, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò bí a ṣe ń ka iye àwọn àkàndá, àti UNICEF jọ ṣe fún ọmọ ọdún 5 sí 17, tó jáde ní 2016. Ìbéèrè náà kì í béèrè orúkọ àìsàn. Ohun tí ọmọ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe ló ń béèrè, ìdáhùn mẹ́rin ló sì wà fún púpọ̀ nínú wọn: kò nira rárá, ó nira díẹ̀, ó nira gan-an, kò lè ṣe é rárá. Láti orí "ó nira gan-an" ni ilé ìwé ti ní láti gbé ìgbésẹ̀.

Níbí ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ti fi hàn pé òun mọ ilé àwọn tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n pín jẹ́ èdè Faransé, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ìyá tí a fẹ́ bi léèrè ń sọ. Bí a bá bi í pé "Ṣé ọmọ yín ní ìṣòro?", ohun tí ìyá gbọ́ ni pé ọmọ òun dá wàhálà sílẹ̀, tàbí pé a ń fẹ̀sùn kan ìdílé òun. Á ní rárá, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí a bá bi í pé "Ṣé ọmọ yín ń ṣàárẹ̀?", á rò pé ibà la ń wí. Gbólóhùn tó ṣiṣẹ́ ni "Ṣé ó máa ń nira fún un láti rí ohun tó jìnnà díẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà "nira" kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. A fẹ́ kí wọ́n tẹ ìbéèrè náà ní Yorùbá báyìí, nítorí ẹni tó bá dé Ìlárá tàbí Idigny pẹ̀lú bébà Faransé yóò máa tú u lójú ẹsẹ̀, bó bá ṣe tú u lónìí kọ́ ni yóò ṣe tú u lọ́la.

Àṣìṣe kan wà ní apá yìí. Wọ́n jẹ́ kí àwọn olùkọ́ máa dáhùn fún ọmọ. Ìyá tàbí ẹni tó ń tọ́ ọmọ ni wọ́n kọ ìbéèrè yẹn fún. Olùkọ́ kò mọ̀ bóyá ọmọ ń dá wọ aṣọ nílé, kò sì mọ̀ bóyá ó máa ń sun oorun. Ẹ pe ìyá, kí ẹ bi í léèrè níbi tí etí kẹta kò sí. Kí orúkọ àwọn ọmọ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. A kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, tó yẹ kó gba wákàtí kan, ni ti èdè. Ọmọ tó wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́, láti ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá nìkan lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn olùkọ́ kan á ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Ẹ fi Yorùbá dán an wò: kó ka òkúta 10, kó to igi mẹ́ta láti orí kékeré dé ńlá, kó ṣe iṣẹ́ méjì tí ẹ rán an lẹ́ẹ̀kan náà ("mú ṣọ́ọ̀kì wá, kí o sì ti ilẹ̀kùn"). Bí ó bá ṣe é, Faransé ni kò tíì yé e. Kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán wọ́n dán ojú wò pẹ̀lú káàdì E. Lẹ́tà E kan ṣoṣo ni, tí wọ́n ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, sílẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì; ọmọ á fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí. Kò pọn dandan kó mọ ìwé. Fún ìwọ̀n 6/12 (ohun tí ojú tó dára rí ní mítà 12, kí ọmọ rí i ní mítà 6), E náà gbọ́dọ̀ ga ní mílímítà 17.5, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nípọn ní 3.5, kí ọmọ sì dúró ní mítà 6. Ojú kan lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 5 fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá gba 4 nínú 5 kọjá. Èyí tí kò bá gbà á, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ojú ló kàn.

Ó dà bí ohun tó rọrùn, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Àwọn kan fi ẹsẹ̀ wọn wọn mítà 6. Nígbà tí a fi tépù wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wọn, mítà 4 péré ló jẹ́. Ní mítà 4, káàdì kan náà ti di ìwọ̀n 6/18, ọmọ tó yẹ kó gba ìtọ́jú á kọjá láìfura. Ẹ gé okùn tó lé díẹ̀ ní mítà 6, kí ẹ so ó ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí àárín kókó méjèèjì jẹ́ mítà 6 gẹ́lẹ́, kó wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú káàdì. Bí ọmọ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú mọ́lẹ̀ nígbà tó ń bò ó, ojú yẹn á ṣú nígbà tó bá kàn án. Kó fi ọwọ́ bò ó láìtẹ̀ ẹ́. Kí oòrùn má bọ́ sójú ọmọ, kí káàdì má sì wà ní òjìji. Àwọn ọmọ tó ń dúró de tiwọn gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn á ti mọ ìdáhùn sórí.

Fún etí, wọ́n kọ́ni pé kí olùkọ́ dúró lẹ́yìn ọmọ kó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. A kò gbà pé ó tó. Ariwo ọjà àti ariwo alùpùpù máa ń ba àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jẹ́, ọmọ tí etí kan ṣoṣo kò gbọ́ á sì yọ́ kọjá. Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni ìkìlọ̀ lórí etí tó ń tú ọyún: bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má ta epo sí i, ẹ má fún omi ewé sí i, ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ ro ó. Etí tó ń tú tí wọ́n pa tì wà lára ohun tó ń sọ ọmọ tó gbọ́ràn tẹ́lẹ̀ di ẹni tí kò gbọ́ mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ tí a máa tìtorí rẹ̀ rán ọ̀gá ilé ìwé lọ. Wọ́n kó gbogbo èèyàn lọ sí ilé ìwé kan tí kò jìnnà, wọ́n ní kí wọ́n wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42. Wọ́n bi wọ́n pé ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbà gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, báwo ni yóò ṣe gùn tó? Ọ̀pọ̀ ló ní mítà 2. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ibi ń lò ni 1 sí 12: bí gíga bá jẹ́ 1, gígùn gbọ́dọ̀ jẹ́ 12. Sẹ̀ǹtímítà 42 lọ́nà 12 jẹ́ mítà 5 àti sẹ̀ǹtímítà 4. Wọ́n na okùn sílẹ̀ ní gígùn yẹn, wọ́n na òmíràn ní mítà 2, wọ́n wá gbé pákó lé ti mítà 2, wọ́n ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà jókòó sínú kẹ̀kẹ́ kó gbìyànjú. Ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ náà gbéra, ẹni méjì ló sáré dì í mú lẹ́yìn. Kò tún sí ẹni tó jiyàn lórí mítà 5 mọ́.

Wọ́n ṣírò ohun èlò rẹ̀ pẹ̀lú, a sì gbóríyìn fún wọn. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 20, yangí àti òkúta ni wọn yóò fi kún inú rẹ̀, kọnkéré sẹ̀ǹtímítà 10 ni yóò wà lókè. Kọnkéré yẹn jẹ́ nǹkan bíi ìdá 6 nínú 10 mítà kúbíìkì kan. Bí wọ́n bá fi kílò 300 sìmẹ́ǹtì sí mítà kúbíìkì kan, àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 mẹ́rin ni yóò gbà. Ohun tí ẹgbẹ́ òbí, APE, lè dá owó rẹ̀ jọ ni, tí yangí àti omi bá wá láti ọwọ́ ará àdúgbò. Ọ̀gá tó bá gbé irú ìṣírò yìí lọ sí ìpàdé á rí owó gbà ju ẹni tó kàn sọ pé àwọn fẹ́ ran àwọn àkàndá lọ́wọ́.

Kí ẹ kìlọ̀ fún mọlémọlé pé kó má dán ojú rẹ̀ bí ojú yàrá. Kó fi ìgbálẹ̀ fa ìlà sí i lára ní ìbú kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, kí ọ̀pá má baà yọ̀ nígbà òjò. Kí etí rẹ̀ méjèèjì ga díẹ̀, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5, kí táyà má bọ́ sílẹ̀. Kí ibi títẹ́jú mítà 1 àbọ̀ wà lókè níwájú ilẹ̀kùn, tí kẹ̀kẹ́ lè dúró sí tí wọ́n bá ń ṣí i. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 80, ti ṣáláńgá náà sì ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ọmọbìnrin tó ń lo kẹ̀kẹ́ tí kò rí ibi yàgbẹ́ ní ilé ìwé kò ní mu omi láti àárọ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dẹ́kun wíwá.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ tí a ń kọ fún ọmọ kan ṣoṣo, PEI. Bébà tí wọ́n fún wọn jẹ́ ojú ìwé 4. Ó ti pọ̀ jù. Olùkọ́ tó ní ọmọ 60 ní CP, kíláàsì kejì, tí mẹ́ta nínú wọn nílò PEI, kò ní kọ ojú ìwé 12. Ojú ìwé 1 tó: ohun tí ọmọ lè ṣe báyìí, ohun kan tàbí méjì tí a fẹ́ kó lè ṣe, ẹni tí yóò kọ́ ọ, ọjọ́ àti ìṣẹ́jú, bí a ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí a máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí wọ́n ṣe kọ́ni láti kọ ohun tí a fẹ́ dára púpọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ kọ ọ́ pé "Ọmọ náà yóò tẹ̀ síwájú nínú ìwé kíkà." Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ bi í pé ọjọ́ wo ni yóò mọ̀ pé ó ti tẹ̀ síwájú. Wọ́n jọ tún un kọ: "Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹfà, bí a bá gbé sílébù 10 tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú m tàbí l síwájú rẹ̀, yóò ka 8 láìsí ìrànlọ́wọ́, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀." Ẹnikẹ́ni tó bá ka èyí, ì báà jẹ́ olùkọ́ tuntun tó dé ní àná, mọ ohun tí yóò ṣe láàárọ̀ ọ̀la.

Wọ́n wá béèrè ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ bí irú èyí ń sá fún: ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ta ni yóò dúró ti ọmọ 59 tó kù? Ọwọ́ ọ̀gá ni ìdáhùn wà. Ó lè kó kíláàsì méjì pọ̀ nígbà orin tàbí eré ìdárayá, kí olùkọ́ kan mójú tó wọn kí èkejì ráyè. Ó lè gba kíláàsì náà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ó lè yan ọmọ méjì tó mọ̀wé ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn, láti máa bá àwọn ọmọ CP kàwé ní ìsinmi ráńpẹ́, bí òbí wọn bá gbà. Kò sí èyí tó rọrùn nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ṣeé kọ sínú àtẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Bí kò bá sí nínú àtẹ, kò ní ṣẹlẹ̀.

Ohun kan ni wọn kò fi kún un: ìfiléléwọ́. Kí ilé ìwé tó padé fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, olùkọ́ tó ní ọmọ náà àti èyí tó máa gbà á gbọ́dọ̀ jókòó fún wákàtí kan pẹ̀lú PEI níwájú wọn. Ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ pè é. Láìsí wákàtí kan yẹn, iṣẹ́ ọdún kan á tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Ọjọ́ kẹrin já wa kulẹ̀. Òwúrọ̀ ni wọ́n fi ṣe Braille, ìwé tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà, ọ̀sán ni wọ́n fi ṣe èdè ọwọ́ àwọn adití. Wọ́n fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní férémù tó ń di bébà mú àti poinçon, irin ṣóṣóró tí wọ́n fi ń gún un, wọ́n ní kó kọ orúkọ rẹ̀. Àmì 6 ni Braille ní, 1, 2, 3 ní òsì láti òkè wá sílẹ̀, 4, 5, 6 ní ọ̀tún. Ẹ̀yìn bébà là ń gún, nítorí náà láti ọ̀tún lọ sí òsì là ń kọ, a ó wá yí bébà padà ká tó kà á láti òsì lọ sí ọ̀tún. Wọn kò ṣàlàyé èyí dáadáa, ló fi jẹ́ pé àṣìṣe kan náà ni gbogbo yàrá ṣe: e, tó jẹ́ àmì 1 àti 5, di i, tó jẹ́ 2 àti 4, d di f, h di j, r di w. Ẹni tó bá rí i pé àwọn lẹ́tà yìí ń gba ipò ara wọn, kó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kò yí àmì náà padà bí ìgbà tí a bá wò ó nínú dígí ni. Bébà ìwé àjákọ lásán ni wọ́n pín, poinçon sì ń lu ú já. Bébà gíráàmù 140 sí 160 ló yẹ, bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ náà sì ń ṣe é.

Òwúrọ̀ kan kò lè sọ ẹnikẹ́ni di olùkọ́ Braille, ọ̀gá kò sì nílò láti di ọ̀kan. Ohun tó nílò ni bí ó ṣe máa rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí irú Centre de Promotion Sociale des Aveugles, ibùdó àwọn afọ́jú ti Sègbèya ní Cotonou, àti bí ó ṣe máa múra sílẹ̀ de CEP, ìdánwò tí wọ́n fi ń parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ló yẹ kó ti kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ pé òun ní ọmọ tó nílò ìbéèrè ní Braille, tàbí tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà ní ìwọ̀n 18 sí 24, tàbí tó nílò àfikún àkókò. Ìdá mẹ́ta kan ni a máa ń béèrè: iṣẹ́ wákàtí 1 àbọ̀ á di wákàtí 2. Kí ọmọ náà sì ti máa lo àkókò yẹn nínú gbogbo ìdánwò ilé ìwé rẹ̀ kí ọjọ́ CEP tó dé. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀sán sàn díẹ̀, nítorí adití fúnra rẹ̀ ló kọ́ni ní èdè ọwọ́, ẹni tó gbọ́ràn sì ń túmọ̀. Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Faransé wá láti ara ti Amẹ́ríkà, láti ọwọ́ Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà tó dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957. Wọ́n kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì ìka àti ọ̀rọ̀ bíi 30. Ibi tí a kò bá wọn gbà ni bí wọ́n ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ 30 tó láti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ adití kan ṣoṣo láàárín ọmọ 60 tó gbọ́ràn, tí kò sí ẹni tó ń bá a sọ èdè rẹ̀, kò sí láàárín ẹgbẹ́. Ó dá wà láàárín èrò ni. Ìdí nìyí tí ilé ìwé bíi ti Louho ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí àwọn adití ti pọ̀ tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, fi ṣe pàtàkì. Bí àǹfààní bá wà kí ọmọ lọ síbẹ̀, kí ọ̀gá bá òbí sọ ọ́ láìfi ìtìjú ṣe. Bí kò bá sí, kó wá àgbà adití ní ìlú rẹ̀ kó máa wá sí ilé ìwé, kí gbogbo kíláàsì kọ́ èdè náà, kì í ṣe olùkọ́ nìkan.

Ọjọ́ karùn-ún jẹ́ ti òbí àti ará ìlú. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí orúkọ tí àwọn ọmọ ń pe ara wọn: arọ, odi, dìndìnrìn. Ọ̀gá tí òun fúnra rẹ̀ bá ń pe ọmọ ní "ọmọ arọ yẹn" níwájú àwọn olùkọ́ ti fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ilé ìwé máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi sọ ti wárápá ni kò yẹ kí olùkọ́ kankan má gbọ́. Itọ́ ọmọ oníwárápá kì í ranni. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn kò ní kó o. Bí gìrì bá mú un, ẹ wo aago. Ẹ kó àga kúrò lára rẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lọ́nà ọ̀fun. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn tẹ̀lé e kó tó jí, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ó bá jí, kó sinmi, kó sì padà sí kíláàsì ní ọjọ́ kan náà bí ara rẹ̀ bá gbà á. Wọ́n fi kún un pé òògùn tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì máa ń mú gìrì padà wá, nítorí náà kí ọ̀gá máa béèrè lọ́wọ́ òbí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan bóyá òògùn ṣì wà nílé.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n lò ní àtẹ̀gùn mẹ́ta, kò sì ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá kọ́ ẹ̀kọ́ ń lo kẹ̀kẹ́. Gbígbé ni wọ́n ń gbé e wọlé láàárọ̀, tí wọ́n ń gbé e jáde nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ó dùn wá púpọ̀. Ẹni tó ń kọ́ni ní 1 sí 12 kò gbọdọ̀ gba owó fún gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, nígbà tí kíláàsì títẹ́jú wà nílùú.

Ti àbẹ̀wò ló kù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣèlérí, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, PEI àkọ́kọ́ ti kùnà, olùkọ́ sì ti padà sí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dé, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n wo PEI kan pẹ̀lú ọ̀gá, kí wọ́n tún padà wá lóṣooṣù títí sáà á fi parí. Bí owó ọkọ̀ bá ni ìdíwọ́, ilé ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó sún mọ́ra lè pàdé ní ọjọ́ unité pédagogique, ìyẹn ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé ìwé tó wà nítòsí ara wọn, kí wọ́n wá bá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan.

Kí ọ̀gá má dá nìkan lọ. Kó mú olùkọ́ CI tàbí CP kan dání, nítorí ẹni méjì ló lè máa rán ara wọn létí nígbà tí iṣẹ́ bá le. Olùkọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fẹ́ wá, kó fi owó rẹ̀ pamọ́ ná. Ẹ béèrè ọjọ́ àbẹ̀wò ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì béèrè bóyá gbọ̀ngàn ní àtẹ̀gùn. Ẹ mú tépù mítà 5 dání, okùn tó lé ní mítà 6, bébà líle bíi 20, àti iye ọmọ tó wà ní kíláàsì yín kọ̀ọ̀kan, nítorí òun ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè ní ọjọ́ kẹta.